Peugeot 504 bàbá mi ti ọdún 1979: ṣé kí n dá a padà sí bí ó ṣe jáde ní Kaduna, àbí kí n kàn tún un ṣe kí ó máa rìn?

Àkàndé Òṣogbo kọ ọ́ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Peugeot 504 GL kan ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn yín lé lórí. Ọdún 1979 ni wọ́n tò ó ní ilé-iṣẹ́ Kaduna, bàbá mi sì rà á ní tuntun nígbà tí wọ́n ń ṣe olùkọ́ ní Òṣogbo. Òun ni wọ́n fi gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, òun náà ni a sì fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ọdún 1998, omi rádíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí wa nígbà náà sọ pé ẹ́ńjìnnì náà ti kú, ó yọ ọ́, ó sì fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti ọkọ̀ Japan kan rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó gbé ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilé wa títí di òní, lórí pákó méjì, lábẹ́ tapólì. Bàbá mi ti di olóògbé, ọkọ̀ náà kò sì tíì kúrò lójú kan láti ọdún 2011.

Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ó ti jẹ irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn apá òsì, ó sì ti lu ilẹ̀ búùtù. Dáṣíbọ́ọ̀dù ti sán. Àwọn ìwé rẹ̀ pé, ọ̀dà funfun tí ó bá wá láti ilé-iṣẹ́ ṣì wà ní òrùlé rẹ̀, gíà rẹ̀ sì ṣì wà lára ọ̀pá sítíárìn. Orí gíà náà nìkan ni kì í ṣe ti Peugeot: nígbà tí ti àkọ́kọ́ fọ́ ní 1986, bàbá mi ní kí káfíńtà gbẹ́ òmíràn fún wọn láti ara igi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n náwó láti dá a padà sí bí ó ṣe jáde ní 1979, àbí kí n fi ẹ́ńjìnnì Japan náà sílẹ̀, kí n kàn tún ara rẹ̀ ṣe?

Ìjàpá Olúyọ̀lé fèsì pé:

Ẹ kú àfẹ́kù bàbá yín o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú bóòtù kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ná mi ní ọdún mẹ́ta. Ìjàpá ni mo ní, Volkswagen 1300 ti ọdún 1968. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn, èmi àti ọmọkùnrin kan tú u palẹ̀ ní ọjọ́ méjì péré, a kó gbogbo bóòtù rẹ̀ sínú garawa kan, inú wa sì dùn pé iṣẹ́ ń yá. Ìgbà tí ó di pé kí a tò ó padà ni a tó rí i pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ìdajì àwọn bóòtù náà ti wá. Nísinsìnyí, kí n tó yọ nǹkan kan, mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo máa ń di bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, mo sì máa ń kọ orúkọ ibẹ̀ sára ọ̀rá náà.

Lórí ìbéèrè yín gan-an, ti ilé-iṣẹ́ ni èmi ń tẹ̀ lé, mo sì ní ìdí. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá kò ní omi, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà, àwọn páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká sì ń darí rẹ̀ gba ara àwọn sìlíńdà kọjá, nígbà tí rọ́bà kan tí ó wà ní etí wọn kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti ṣiṣẹ́ tán padà gòkè wá. Ẹni tí ó ń tún tèmi ṣe tẹ́lẹ̀ ka àwọn páànù yìí sí ẹrù tí ó ń dí sípánà rẹ̀ lọ́nà. Ó ju mẹ́ta nínú wọn nù, ó sì fa rọ́bà náà yọ. Láti ìgbà náà ni ìjàpá mi ti ń gbóná bí ó bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Fáàfù sìlíńdà kẹta jó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé nínú ẹ́ńjìnnì ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí ó ń tu ọ́ìlì jókòó sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó ń lọ sí sìlíńdà náà, ìyẹn ni ó fi máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi pé ìjàpá kò bá ooru ilẹ̀ wa mu. Ọjọ́ tí mo rí páànù mẹ́ta náà rà padà tí mo sì fi rọ́bà tuntun sí i ni ọ̀rọ̀ yẹn parí.

Àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi fi nǹkan síbi tí wọ́n fi í sí. Ẹ dá ẹ́ńjìnnì Peugeot padà fún un.

Jórinjórin Mushin fèsì pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti lu. Lára ìjàpá, ara ọkọ̀ dá wà, ilẹ̀ rẹ̀ dá wà, bóòtù ni ó so méjèèjì pọ̀. Ènìyàn lè gbé ara kúrò kí ó tún ilẹ̀ ṣe lọ́tọ̀, pàápàá abẹ́ àga ẹ̀yìn tí omi kíkan bátìrì ti máa ń jẹ ẹ́. 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Páànù ilẹ̀, òrùlé àti irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n jó pọ̀ tí ó di egungun rẹ̀, kò sì sí irin mìíràn lábẹ́ tí ó lè gbà á dúró. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti jẹrà, ọkọ̀ náà lè tẹ̀ níbàdí.

Ẹ mú sukurudiráfà, kí ẹ fi gún gbogbo ibi tí ọ̀dà ti wú. Ibi tí ó bá wọlé, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. A ó gé e títí a ó fi dé ibi tí irin ti ń dán, nítorí pé irin tuntun tí a bá jó mọ́ ìpẹtà kò ní pẹ́ já. Ṣùgbọ́n kí a tó gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ fi ìdúró sí i níwájú àti lẹ́yìn, ẹ jó páìpù dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí ó má baà ṣí tàbí kí ó pa dé, kí ẹ sì parí apá kan pátápátá kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ tú okùn bátìrì. Táǹkì epo wà lábẹ́ ilẹ̀ búùtù, ẹ gbé e kúrò nínú ọgbà tí iná wẹ́dà wà, kì í ṣe kí ẹ fi àpò bò ó. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ da ọ́ìlì alátè sínú ihò irin náà, nítorí inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ó bá jáde síta ni a ń rí i.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dùn mí. Àwọn oníbàárà wa fẹ́ràn pọ́tì jù. Wọn yóò ní kí a fi dí ihò, kí a fi yanrìn-pépà yún un, kí a fín ọ̀dà sí i kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè nítorí òde ọjọ́ Sátidé. Pọ́tì ń fa omi mọ́ra. Kí òjò méjì tó rọ̀ ni yóò ti máa wú. Mo ti hú pọ́tì tí ó nípọn tó ìka méjì kúrò lára ilẹ̀kùn kan rí, irin tí mo sì rí lábẹ́ rẹ̀ kò tó ohun tí a lè fi ọwọ́ mú. Bí ẹ bá fẹ́ tún ti bàbá yín ṣe, ẹ fún ẹni tí ó ń jó irin ní àyè oṣù méjì, ẹ má sì ra ọ̀dà títí yóò fi parí.

Ìyá Benz Abẹ́òkúta fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbọ́ ti Ìjàpá Olúyọ̀lé, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kò fi sí ọkọ̀ ni a gbọ́dọ̀ yọ. Mercedes 230E ti ọdún 1982 ni mo ń wà lọ sí ọjà Kútọ̀, inú ìran W123 tí Jámánì ṣe láti 1976 sí 1985, tí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.7. Ó pẹ́ láyé nítorí pé wọ́n ṣe é dáadáa, ó sì tún pẹ́ nítorí pé a ń wà á. Ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ kí ó lè mọ́ láéláé, rọ́bà rẹ̀ á gan, bíréèkì rẹ̀ á lẹ̀, eku á jẹ wáyà rẹ̀.

Ìlànà mi lórí àyípadà kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ọmọ mi bá fẹ́ yọ ohun tí mo fi sí i kúrò ní ogún ọdún sí i, ṣé ojú àpá yóò wà níbẹ̀? Bí kò bá sí, mo máa ń gbà á láyè. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe iná ni ó ń ti àwọn ilẹ̀kùn W123, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ó ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín kọjá láti fa kọ́kọ́rọ́ wọlé. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà náà sán, rewáyà kan ní òun kò lè wá ibi tí ó ti sán, ó lu ihò sínú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ oníná sí i. Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò, mo ti fi rọ́bà tuntun sí gbogbo rẹ̀, owó rọ́bà náà kò sì tó owó tí ó gbà. Àwọn ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń gbaná sí fóònù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wáyà rẹ̀ dá dúró pẹ̀lú fíúùsì tirẹ̀, ènìyàn sì lè yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Nítorí náà, Àkàndé, ẹ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dáadáa. Bí mẹkáníìkì yẹn kò bá gé nǹkan kan kí ẹ́ńjìnnì Japan tó wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ títí owó yóò fi wà fún òmíràn. Ohunkóhun tí ó wù kí ẹ ṣe, bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tí ó bá ti wà níbẹ̀ láti 2011, yóò ti mú ìpẹtà bá inú sìlíńdà rẹ̀. Rọ́bà bíréèkì lè dára lójú kí ó sì ti wú dí nínú. Epo tí ó wà nínú táǹkì láti ìgbà náà, ẹ dà á nù. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ẹ́ńjìnnì kankan.

Àkàndé Òṣogbo fèsì pé:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo lọ wò ó ní òwúrọ̀ yìí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gé nǹkan. Irin ìdábùú tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ni wọ́n gé lápá ọ̀tún, wọ́n sì jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì Japan lè rí ibi dúró sí. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o ti ń là. Gíà ṣì jẹ́ ti Peugeot, irin kan tí wọ́n gbẹ́ ni ó so òun àti ẹ́ńjìnnì pọ̀.

Mẹkáníìkì Sábó Ìlọrin fèsì pé:

Ọmọ mi, èmi kọ́ iṣẹ́ ní Kaduna lórí 404, mo sì parí rẹ̀ lórí 504. Ọkọ̀ tí irin ìdábùú rẹ̀ rí bí èyí tí o rí yẹn kò yẹ kí ó tún rìn lójú títì. Ìyẹn ti yanjú ìdajì ìbéèrè rẹ. Ìdajì kejì ni ẹ́ńjìnnì tí ó wà lábẹ́ tapólì, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ohun tí mo kọ yìí, nítorí pé ẹni tí ó sọ fún bàbá rẹ pé ó ti kú kò sọ òótọ́ fún wọn, tàbí kí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 504, kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù ni písítìnnì ti ń lọ sókè sódò. Inú sílíìfù ni, sílíìfù mẹ́rin tí ó ṣeé yọ, tí omi rádíétọ̀ sì ń kan ara wọn lóde. Nísàlẹ̀ sílíìfù kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí omi yìí sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, lókè sì ni gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù (tọ́ọ̀pù ni ìdérí ẹ́ńjìnnì) ti ń dí i. Tí omi bá dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ̀kan nínú ibi méjèèjì yìí ni a kọ́kọ́ ń wò. Méjèèjì ni a ń tún ṣe. Ìdí gan-an tí wọ́n fi ṣe é báyìí nìyẹn: tí sílíìfù bá jẹ, a ó yọ ọ́, a ó ti tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìnnì rẹ̀, búlọ́ọ̀kù kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń lu sìlíńdà rárá. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń gbé 504 elérò méje láti Ìlọrin lọ sí Kano máa ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, wọn a sì padà sójú ọ̀nà.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Má ṣí tọ́ọ̀pù náà. Yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, da díẹ́sẹ̀lì tàbí ọ́ìlì gíà aládàáṣiṣẹ́ sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, máa bù ú sí i tí ó bá fà. Lẹ́yìn náà, fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn sí nọ́ọ̀tì iwájú kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí, kí o sì gbìyànjú láti yí i díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Má fi agbára mú un. Bí ó bá yí, gbé e wá bá mi. Bí ẹlòmíràn bá sì ni yóò ṣí tọ́ọ̀pù, kí ó mọ̀ pé lẹ́yìn tí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò, a kì í yí kíráńkì mọ́ láìfi irin de àwọn sílíìfù mọ́lẹ̀, torí pé písítìnnì yóò gbé wọn kúrò ní ìjókòó wọn, omi yóò sì tún wọ ọ́ìlì. Nígbà tí a bá ń tò ó padà, a gbọ́dọ̀ wọn bí sílíìfù kọ̀ọ̀kan ṣe ga ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹni tí kò bá ní ohun tí a fi ń wọn ọ́n, ẹ má gbé e fún un.

Wo fáànù rẹ̀ pẹ̀lú bí ó bá ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà. Fáànù 504 kì í yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan ni ó ń mú un nígbà tí omi bá gbóná tó, tí ó bá tutù, mágínẹ́ẹ̀tì á tú u sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni ó fi bóòtù dè é pa nígbà yẹn, èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé epo ni ó ń jẹ.

Nípa ẹ̀yà ara, má bẹ̀rù. Ọdún 1968 ni 504 jáde ní Faransé, ó gba oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969, Faransé sì dá saluunu rẹ̀ dúró ní 1983, ṣùgbọ́n Kaduna tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 ń tò ó títí ó fi kọjá ọdún 2000. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Mọ́rísì Peckham fèsì pé:

Ẹ kú ọjọ́ o, láti London. Ìran ọkọ̀ tèmi jìnnà sí ti yín díẹ̀: Morris Minor Traveller ti ọdún 1964. Mo rà á nítorí bàbá bàbá mi, tí wọ́n ní Morris ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n sì tà á nígbà tí Nàìjíríà fi apá òsì ojú ọ̀nà sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, nítorí pé apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n bá ń wá ọkọ̀ tí ó ṣáájú ọdún yẹn nílé gbọ́dọ̀ rántí èyí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbé sítíárìn rẹ̀ kúrò níbi tí ó wà.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Jórinjórin. Ẹ̀yìn Traveller ní igi lára, gbogbo ẹni tí ó bá rí i sì rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni egungun apá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, páànù kàn wà láàrin rẹ̀ ni. Ẹni tí ó tà á fún mi ti fi pọ́tì dí ibi tí igi náà ti rà, ó sì kun ún ní fánííṣì dídán. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi wọlé. Oṣù méje ni ó gbà mí àti káfíńtà kan láti pààrọ̀ rẹ̀.

Epo náà yẹ ní fífọkànsí. Ẹ́ńjìnnì Morris wá láti ìgbà tí òjé ṣì wà nínú bẹntiróòlù, òjé yẹn ni ó sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù inú tọ́ọ̀pù onírin rẹ̀. Wọ́n yọ òjé kúrò lórí títà fún gbogbo ènìyàn níbí ní ọdún 2000, mo sì ní láti fi ìjókòó fáàfù líle sí tèmi. Láti 2021 ni wọ́n tún ti ń po ọtí mọ́ bẹntiróòlù tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń jẹ rọ́bà epo àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní Morris nílé, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú bátìrì: orí rere ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe orí òdì bí ti òde òní.

Ìjọba ibí ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọkọ̀, bí a kò bá sì yí i padà kọjá ààlà, ó lè bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún pẹ̀lú. Èmi ṣì ń gbé tèmi lọ fún àyẹ̀wò náà. Mo ń gbé àwọn ọmọ mi sínú rẹ̀.

Bàbá Bọ́lẹ́kájà fèsì pé:

Ọmọ-ọmọ mi ni ó ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1961 ni mo wọ iṣẹ́ káfíńtà ọkọ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, bí ọkọ̀ akẹ́rù Bedford bá ti Ìlú Ọba dé, ẹ́ńjìnnì, egungun abẹ́, táyà àti iwájú rẹ̀ nìkan ni ó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Àwa ni a ń fi igi ṣe gbogbo èyí tí ó kù: ilé awakọ̀, ẹ̀gbẹ́, òrùlé, àti àwọn bẹ́ǹṣì tí èrò ń jókòó lé lórí tí wọ́n ń kọjú sí ara wọn, tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní bọ́lẹ́kájà. Lẹ́yìn wa ni akọ̀wé-ọkọ̀ ń kun ún, tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ bi Ìjàpá Olúyọ̀lé léèrè. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ti òkè òkun wá, tí ìdajì rẹ̀ sì jáde láti ọwọ́ ọmọ ogún ọdún ní Ìbàdàn, èwo ni bí ó ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́? Ẹnìkan gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí n tú gbogbo igi rẹ̀ nù, kí n fi tuntun sí i. Ìrókò ni a fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣì dúró. Mo pààrọ̀ opó mẹ́rin tí ikán ti jẹ àti gbogbo pákó ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan pákó iwájú tí ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀dà náà ti ṣá, a ṣì lè kà á. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú, kò sì sí ẹni tí yóò tún ọwọ́ rẹ̀ kọ.

Àkàndé, tún egungun rẹ̀ ṣe, tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà. Orí gíà onígi tí bàbá rẹ ní kí wọ́n gbẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ike Peugeot rọ́pò rẹ̀ o.

Ará São Paulo fèsì pé:

Mo fẹ́ sọ fún àwọn onívolkswagen tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yìí pé kí wọ́n má fi ojú sí Jámánì nìkan tí wọ́n bá ń wá ẹ̀yà ara. Ọkọ̀ Igala tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ń tò ní Ọ̀jọ́ ní Èkó nígbà kan rí, Brasília tí wọ́n ń ṣe níbí nígbà náà ni, ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bá ti ìjàpá tan. Ìjàpá, tí wọ́n ń pè ní Fusca níbí, wọ́n ṣe é títí di 1986, wọ́n sì tún ṣe é láti 1993 sí 1996. Kombi, tí ó jẹ́ dáńfó àkọ́kọ́ ní Èkó, ṣì ń lo ẹ́ńjìnnì aláfẹ́fẹ́ yìí níbí títí di 2005. Páànù tí Ìjàpá Olúyọ̀lé ń wá, rọ́bà etí rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà ní tuntun ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ lásán.

Ìjàpá Olúyọ̀lé fèsì pé:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti ronú sí ìbéèrè yín láti àná. Mo rò pé ohun tí mo ń gbèjà gan-an ni iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe: páànù ìjàpá ń tu ẹ́ńjìnnì, irin ìdábùú 504 ń gbé ẹ́ńjìnnì dúró, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gé wọn. Orí gíà onígi kò ba iṣẹ́ kankan jẹ́. Mo fara mọ́ ọn pé kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà fún Ìyá Benz pé kí ẹ́ńjìnnì àjèjì wà nínú ọkọ̀ nítorí pé a kò gé irin kí ó tó wọlé. Ìró ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ ara ọkọ̀.

Ìyá Benz Abẹ́òkúta fèsì pé:

Ìró ẹ́ńjìnnì tí kò dún láti ọdún 1998 ńkọ́? Àìríná ni a fi ń rìn lókùnkùn. Ṣùgbọ́n bí Mẹkáníìkì Sábó bá lè tún un ṣe, èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ.

Àkàndé Òṣogbo fèsì pé:

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo ya àwòrán tí ó lé ní irínwó kí n tó tú bóòtù kankan. A ti gbé táǹkì epo kúrò, a sì ti da epo inú rẹ̀ nù. Ó ti pọ́n bí omi ewé, ó sì ń rùn bí ọ̀dà. Mo rí jórinjórin kan ní Òṣogbo tí ó gbà láti jó páìpù dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí ó tó gé ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó sọ fún un.

Mo da díẹ́sẹ̀lì sínú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí Bàbá Sábó ṣe wí. Mẹ́ta gbà á mu díẹ̀díẹ̀, ìkejì kò fà rárá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ní kí a tà á wá kí ìyá wa ní ọjọ́ Àìkú, ó bá mi lẹ́yìn ilé, ó sì bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, sípánà tí mo so páìpù mọ́ lọ́wọ́ rìn díẹ̀, bí ìbú àtàǹpàkò. Mo dá a padà, mo tún fà á. Lẹ́ẹ̀kẹfà, kíráńkì yí odindi, díẹ́sẹ̀lì dúdú sì tú jáde láti ojú pílọ́ọ̀gì ìkejì sára aṣọ ẹ̀gbọ́n mi.

Fáànù àti mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kò sí bóòtù tí ó dè é. Bàbá Sábó, ní ọjọ́ Tọ́sìdeè tí ń bọ̀ ni a ó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò wa ọkọ̀ akẹ́rù náà.